Ìwé Mítà

Ilé mẹ́tàlélógún la pín oòrùn kan jẹ
ní Òkè-Ààrẹmọ, nísàlẹ̀ ibi tí ọkọ̀ kì í dé.
Sólà wà lórí òrùlé iléèwé,
bátìrì wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó ṣọ́ọ̀kì sí tẹ́lẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi.
Èmi ni wọ́n ní kí n máa kà á.

Mo ń kà á. Mo ń fi bírò kọ ọ́:
ilé Gbádégẹṣin, yúnìtì méjì ààbọ̀;
Ṣífáwù aránṣọ, mẹ́ta, torí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan;
Bàbá Ọ̀párìndé, òdo.
Ó ní òun ò fẹ́ kí ohun tí kò lẹ́nu máa ka òun.

Nígbà òjò, à ń wọn iná bí ẹní wọn gaàrí ìgbà ọ̀wọ́n.
A fẹnu kò: kò sí áyọ́ọ̀nù lálẹ́,
kò sí ohun tó ń se omi.
Síbẹ̀, òru mẹ́ta léra wọn,
bátìrì ń jò bí akèrègbè tó sán.
Wọ́n ní Múrí ni, Múrí tó ń jó irin.
Àdúgbò ti dá a lẹ́jọ́ kí n tó ṣíwèé.
Múrí fẹnu kan irin.

Lóru kẹrin, mo jókòó ti àwọn mítà,
iná pupa kéékèèké ń ṣẹ́jú, ọ̀kan fún ilé kan.
Èyí tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí ata ta sí lójú,
nọ́ńbà rẹ̀ ni mẹ́tàdínlógún.
Mo nu ojú mi, mo tún un kà.
Ilé wa ni.

Mo bá ìyá mi ní balùwẹ̀,
wáyà nínú garawa, omi ń hó,
ó ká ìró sókè, ó ń fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún.
Kò yíjú. "Ṣé iná lò ń kà ni, àbí èmi?"

Mo ní, "Ìyá, gbogbo ilé ló ń retí ìwé yìí."
Ó dákẹ́ títí omi fi rọlẹ̀.
"Kọ ọ́. Má fi orúkọ mi pamọ́.
Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yúnìtì yẹn,
kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúnkún ń ro mí."

Ìwé mi ò láyè fún orúnkún.
Ìlà mẹ́rin ló ní: ọjọ́, ilé, iye, owó.
Mo wá rúlà, mo fa ìkarùn-ún.
N ò tíì mọ orúkọ tí màá fún un.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn Múrí ni mo kọ́kọ́ kàn,
ìwé ní ṣíṣí lọ́wọ́ mi.