Ìwé Tí A Rán Lẹ́nu

Bàbá bàbá mi, Àáfà Kọ́síyù ará Atákẹ̀,
awọ ewúrẹ́ niṣẹ́ ẹ̀, òwú àti abẹ́rẹ́ gbọọrọ.
Ó ń rán tírà fún aláboyún,
ó ń rán tírà fáwọn tó ń fi alùpùpù gbé epo wọ Àjàṣẹ́ láti Ìgólò.
Ohun tó wà nínú tírà, a kì í bi í.
Ọrùn ni wọ́n ń so ó mọ́,
wọn kì í gbé e síwájú ojú.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, mò ń bu omi sí búta,
àgbà mẹ́ta wọlé tàwọn ti láwàní,
Lèmọ́mù Múṣáfáù síwájú, obì lẹ́nu,
ìwé pẹ́ńpẹ́ kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi aṣọ funfun dì í
bí ẹni gbé òkú ọmọ tuntun.

Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Séfíù ló kọ ọ́,
ní Yorùbá, Yorùbá tí ìyá elékuru lè gbọ́.
Ó béèrè pé kí ló dé
tó fi jẹ́ ẹnìkan ní ń ṣe wáásí, tí igba ń mirí.
Ó béèrè pé orí tí Ọlọ́run dá fún wa,
ṣé torí láwàní nìkan ni?

Wọ́n ní àwọn ò lè sun ún.
"Orúkọ Ọlọ́run wà lójú ewé kìíní, ó wà lójú ewé ìkẹyìn.
A ò lè jù ú sọ́sà, ẹja ò mọ alùwàlá.
Rán an. Rán an bí ẹni rán tírà.
Fawọ bò ó, kó má lẹ́nu mọ́."
Wọ́n gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà sórí ẹní.

Bàbá àgbà ò jiyàn.
Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ yẹn, iná àtùpà ò kú.
Mo gbọ́ tí ewé ń dún ṣẹ́rẹ́ ṣẹ́rẹ́ bí eku nínú àgbàdo.
Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.
Mo gbọ́ "Hẹ̀n-ẹn!" bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Kí ládàánì tó pe àsùbá, ó ti rán an tán,
ojú abẹ́rẹ́ mọ́kànlélógójì.

Ó pọ́dún mẹ́tàdínlógún kó tó filẹ̀ bora.
Wọ́n pín ogún: agbádá, ẹní, búta, asọ̀rọ̀mágbèsì.
Wọ́n ní, Awáwù, ìwọ ń kọ́?
Mo ní tírà gbàǹgbà orí àjà.
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rù àjẹ́ ń bà mí.

Réṣà kan lọ́jà Wándó.
Mo já òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, apá mi ń gbọ̀n.
Awọ là. Ìwé mí kanlẹ̀.

Ìkọ̀wé bàbá àgbà ló kún etí ewé,
lẹ́tà Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ Yorùbá,
tàdáà tó ti ṣá di àwọ̀ kọfí:
"Irọ́ lo pa níbí, ọmọ yìí."
"Ta ló sọ fún ọ? Mú ẹ̀rí wá."
"Èyí dùn mí, torí òótọ́ ni."
Àti nísàlẹ̀ ewé kan tó bí èmi pàápàá nínú:
"Mi ò gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá rán ọ lẹ́nu,
ta ni n ó máa dá lóhùn?"

Mò ń ṣí i lọ.
Lójú ewé kejìlélógójì,
àmì àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀, ó pọ́n, ó pọ́n bí obì.
Bàbá àgbà ò jẹ obì rí, eyín rẹ̀ ò gbà á.

Mo pa ìwé dé. Mo tún un ṣí.

Lèmọ́mù Múṣáfáù ṣì wà láyé, ojú ẹ̀ ti fọ́.
Abẹ́ igi ọ̀dàn ló ń jókòó sí,
lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ńlá tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà.
Lọ́la, bí wọ́n bá kírun àlàásárì tán,
n ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀,
n ó ní, Bàbá, ibo lẹ kà á dé?
Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á lọ.