Iṣẹ́ Olè

Agogo mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú ní Oulu.
Aulikki to eríálì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bí eyín òòyà,
kí gbogbo wọn panu pọ̀
sọ̀rọ̀ sétí Veikko nìkan, lódìkejì odò tó dì.
Ibòmíràn, ariwo ni kí wọ́n dà síbẹ̀.

Rauno ló ń ṣe olè lónìí.
Ó jókòó sínú ọkọ̀, etí rẹ̀ nàró bí ehoro:
ṣáá, ṣáá, bí ẹni ń da ìrẹsì sí páànù.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí;
ti olè ò tó ìdámẹ́rin.

Ó wọlé, ọwọ́ ń gbọ̀n. Abọ́ ti ṣófo.
"Ẹ ò pè mí?"
"A pè. 'Ọbẹ̀ ẹja ti jinná' la wí."

Aulikki ṣí ìkòkò:
ìrù kan ṣẹ́kù.