Ìṣẹ́jú-Àáyá Méjì

Èmi ni mo ni táyà ẹ̀yìn apá òsì.
Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Faenza pé kí ni Ermes ọmọ Zoffoli ń ṣe láyé,
sọ fún wọn pé nọ́ọ̀tì kan ló ń yọ.
Ẹyọ kan ṣoṣo.
Èmi kọ́ ni mo ń wa ọkọ̀, èmi kọ́ ni mo ya àwòrán rẹ̀,
n kò sí lára àwọn tí ń da ọtí tó ń hó síra wọn lára lórí pèpéle.
Ìyá mi rò pé èmi àti Rautavirta la jọ máa ń jókòó sínú rẹ̀.
N kò jẹ́ sọ fún un pé ẹnì kan péré ni àyè ibẹ̀ gbà.

Láràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ lórí oko píìṣì ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́,
a ti bẹ̀rẹ̀:
kúnlẹ̀, yọ, fà, fi, dè, ọwọ́ sókè.
Kúnlẹ̀, yọ, fà, fi, dè, ọwọ́ sókè.
Orúnkún mi ti yi bí ti ẹni tó ń gbàdúrà
tí Ọlọ́run kò tíì dá lóhùn.
Loredana ìyàwó mi ní mo ń ṣiṣẹ́ lójú oorun,
pé èjìká òun ni mo máa ń dì mú.

Oòrùn Mogyoród kò mojú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.
Àwọn ará Hungary fi ìwé ètò ìdíje ṣe abẹ̀bẹ̀ lórí òkè.
A wà ní ipò kejì. Táyà ẹni tó wà níwájú ti ń kú lọ.
Àyíká kẹtàlélógójì, ohùn kan sọ sí mi létí pé:
Ó ń bọ̀.

Kí o tó rí i, eyín rẹ á ti gbọ́ ọ.
Ó dé. Ó dúró gbọnin, bí ẹni pé ilẹ̀ gbá a mú.
Mo ti ìbọn bọ̀ ọ́, ìbọn ké,
ògbólógbòó kúrò, Ivo gbé tuntun wọlé,
mo tẹ̀ ẹ́.
Nọ́ọ̀tì náà wọ́.

Méjì. Ọwọ́ àwọn mẹ́ta yòókù ti wà lókè.
Mẹ́ta.
Ogún ènìyàn yí ọkọ̀ kan ká,
èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.
Márùn-ún. Mo rí ojú Rautavirta nínú dígí kékeré;
kò bínú, ó kàn ń wò mí
bí èrò ti í wo aago ibùdó rélùwéè.
Mẹ́sàn-án. Ó wọ̀.
Kó tó jáde, ọkọ̀ mẹ́fà ti kọjá.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbí?
Ẹni tó pa òwe yẹn kò rí aago wa rí.

Tẹlifísọ̀n fi ọwọ́ mi hàn, ó tún un fi hàn,
díẹ̀díẹ̀, kí ọmọdé lè rí i.
Ìyá mi pè: “Ermes, ṣé ó rẹ ọkọ̀ yín ni?”
Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó rẹ̀ ẹ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Rautavirta bá mi lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù,
òun àti ìlàjì bàrà olómi tó rà lẹ́nu ọ̀nà.
Ó jókòó lórí táyà. Kò sọ pé kò burú.
Ó burú. Àwa méjèèjì mọ̀.
A jẹ, a ń tu kóró sílẹ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀:
“Àyíká kejìlélógún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú òkúta wẹẹrẹ.
Kò sẹ́ni tó rí i.”
Ó tu kóró kan sí i, ó dìde, ó lọ sùn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ omi ìyá mi ń kán, tó, tó.
Mo mú sípánà. Mo kọ́kọ́ fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà,
pẹ̀lẹ́, mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún un fi,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko.
Ìyá mi dúró tì mí, aṣọ ìnuwọ́ léjìká:
“Ṣé báyìí lẹ ṣe ń pẹ́ lọ́hùn-ún náà?”