Yàrá Tí Kò Sẹ́ni

Ọjọ́ Àìkú ni mo fi bátìrì tuntun sí ẹ̀rọ etí Yèyé,
bátìrì tí kò tó ẹyọ àgbàdo.
Kí àlùfáà tó ṣe àmín kẹta, ó ti kú.
Yèyé jókòó láàárín ìjọ, ó ń wo ẹnu èèyàn
bí ẹni ń wo ẹja nínú ìgò.

Èmi Ìbíróńkẹ́, tí wọ́n fi owó iṣu rán níwèé l'Adó,
mo tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lórí tábìlì wa n'Íkọ̀lé.
Ìsọdipúpọ̀ lórí ìsọdipúpọ̀, láìsinmi,
ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń bọ̀, ì báà jẹ́ ìdákẹ́.
Gbogbo yàrá rẹ̀ ló tanná sílẹ̀ de àlejò tí kò wá.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Yèyé a máa bi wá nígbà èwe wa,
àtùpà lọ́wọ́, kẹrosíìnì ku ìdajì ìgò.
"Bí kò bá sẹ́ni, ẹ pa uná ibẹ̀."
Uná là ń pè é nílé; ilé-ìwé ló kọ́ mi ní iná.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa uná.
Ibi tí iṣẹ́ ò sí, mo dá aago ibẹ̀ dúró.
Ibi tí ìsọdipúpọ̀ ti ń jẹun bí alágbàro,
mo ní kí nọ́ńbà kàn sún sósì, kí a sì ro ó pọ̀:
èsì kan náà, oúnjẹ díẹ̀.
Mo gé ìrù nọ́ńbà tí etí ò lè mọ̀.
Mo dín agbára kù; iṣẹ́ falẹ̀,
ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn kì í sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bátìrì dé Ọjọ́rú. Inú mi dùn,
àfi ìgbà tí Yèyé ní, "Kí ló dé tí ẹ ń gé orí ọ̀rọ̀ jẹ?"
Mo ní "ulé", ó gbọ́ "lé".
Mo ní "uṣu", ó gbọ́ "ṣu", ó bú sẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rọ mi ń sùn wọra; kó tó jí, ọ̀rọ̀ ti wọlé,
u èdè wa ti já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo wá fi ọ̀kan sílẹ̀ láìsùn,
ẹ̀ṣọ́ kékeré tí oúnjẹ rẹ̀ ò ju ìrì lọ.
Mo fún un ní abọ́ kan, kó máa fi gbe ìró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá,
kó tó pe àwọn yòókù: ẹ dìde, èèyàn dé.
Oṣù méje, àti èéfín òjé lójú mi.

Lánàá, NÉPÀ mú iná lọ.
Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú Yèyé, mo fi ohùn tí mo ti ń lò fún ọdún mẹ́wàá
ké sí i létí pé oúnjẹ ti délẹ̀.
Ó gbọ́wọ́ sókè.
"Ìbíróńkẹ́, kí ni mo ṣe tí o ń pariwo mọ́ mi?"