Èènì

Odò Ògùn wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá lóru.
Ó kó ìrẹsì, ó kó ẹ̀wà, ó gbé àpótí owó lọ.
Kóńgò nìkan ló ṣẹ́kù,
kóńgò tí mo fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú
lọ́dún tí ebi mú.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Àdúrà tí mo mọ̀ lórí kò wá mọ́.
“Olúwa, ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo jí i,”
kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Opó Ṣówándé,
tí mo ti rẹ́ jẹ títí,
ru gààrí dé pẹ̀lú kóńgò tirẹ̀.
Ó wọn márùn-ún fún mi,
ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e:
“Èènì nìyẹn.”

Èènì, Ọlọ́run mi!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní òòlù?