Àga Méjì

Èmi Norris ló ń fi àga háyà létí òkun yìí,
àga onígi, aláṣọ onílà búlúù àti funfun,
tí ń ká bí ìwé, tí ń gé àlejò níka jẹ.
Mo ti rí olùkọ́ ìṣirò kan
tó bá a wọ̀yá ìjà fún ìdajì wákàtí.
Àga ló borí.

Bí oṣù Kẹjọ bá ti dé, ìlú wa a wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi.
Ilé tó ti ń sùn látìgbà òtútù a ṣí fèrèsé.
Wọ́n á dé tọmọ-tìyá láti ìlú elérò,
pẹ̀lú korobá ike, ṣọ́bìrì ike,
àti aṣọ tí wọ́n ń ta yí ara wọn ká láti dènà afẹ́fẹ́,
bíi pé afẹ́fẹ́ wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń fo ọgbà.

Wọ́n ní oòrùn làwọn wá yá.
Oòrùn ibí, àlejò lòun náà:
a yọjú láàárọ̀, a wo àwọn tó bọ́ra sílẹ̀,
ojú a tì í, a wọlé padà.
Òjò lọmọ onílẹ̀.
Síbẹ̀ ẹnìkan ò ní dìde. Wọ́n á fa ọ̀rá borí,
wọ́n á bu tíì látinú fúláàsì, wọ́n á ní, "Ó máa tó dá."
Níhìn-ín, ìyẹn là ń pè ní àdúrà.

Ìyáàfin Hettie Rudge ti ń wá láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi.
Ilé Ìyáàfin Tranter ló ń dé sí, yàrá tó kọjú sí ògiri,
nítorí èyí tó kọjú sókun fi páùn mẹ́rin wọ́n jù.
Òun àti Wilf. Àga méjì, nídìí òpó kẹta afárá onígi tó wọnú omi.
Wilf a ká ṣòkòtò dé orúnkún, kò ní bọ́ ìbọ̀sẹ̀,
a sùn bí ẹni tí wọ́n sanwó oorun fún,
ìwé ìròyìn lójú, èémí rẹ̀ ń gbé e sókè, ń gbé e sódò.
Wọn kì í sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìjà ni.
Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti sọ ọ́ tán nínú ọkọ̀ ojú irin.

Lọ́dún yìí ó dá wá.
"Àga méjì, Norris."
Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wo ọ̀nà.
Mo ní kó san ti ẹyọ kan. Ojú rẹ̀ le:
"Ṣé Wilf jẹ ọ́ ní gbèsè rí ni?"
Ó ka owó ẹyọ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n tutù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni afẹ́fẹ́ fi ń wọnú aṣọ àga kejì,
tó ń wú, tó ń rọ̀, bí ikùn ẹni tó ń sùn.
Kò sunkún. Ó ń hun nǹkan aláwọ̀ ewé kan tí kò lápá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó gbé ẹja díndín àti ọ̀dùnkún sórí àga náà,
kó lè wá ọtí kíkan nínú báàgì.
Ẹyẹ òkun ò kágò, kò bèèrè ẹni tó ni àga.
Ó já wálẹ̀, ó gbé odindi ẹja,
ó tún padà wá mú ọ̀dùnkún kan
bí ẹni tó gbàgbé èénì.

Ìyáàfin Rudge wo àga. Ó wo òfurufú.
Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gbé e ṣubú sínú yanrìn:
"Ọgbọ̀n ọdún ni Wilf fi ń lé ọ, ìwọ àti baba rẹ!"
Àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń gbé ọmọdé kọjá dúró wò ó.
Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà pa ohùn dà.
Mo kọjú sáwọn àga mi, mo ń kà wọ́n,
mo ṣì wọ́n kà.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, ó ní:
"Lọ́dún tó ń bọ̀, àga kan."
Ó rìn díẹ̀, ó dúró.
"Bí òjò bá ń rọ̀, méjì. Báàgì mi kì í fẹ́ yanrìn tútù."

Omi ti fà jìnnà. Mo ká ti Wilf kẹ́yìn.
Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí,
òun ni àga àkọ́kọ́ tó gé mi níka jẹ.