Atẹ́gùn Kò Tíì Rí I

Ìbídùnní, aṣọ rẹ ṣì wà lára ògiri.
Ẹ̀kọ tí o fi ìyẹ́ adìẹ yà sí i ti gbẹ,
ó ti ń sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Ọjọ́bọ̀ lo yà á tán. O ní Àbámẹ́ta ni yóò wọ aró.
Ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì kan bọ́ aago ọwọ́ rẹ,
ó fi lé mi lọ́wọ́.
Ó ṣì ń ka ìṣẹ́jú.

Wọ́n wá láti Òkè-Báálẹ̀, láti Ìgbọ̀nà, láti Ayétòrò.
Ẹnìkan ní kí n má sunkún, ṣebí ọkùnrin ni mí.
Ẹnìkan ròyìn ọ̀run fún mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé.
Wòlíì kan tí n kò ránṣẹ́ pè ní òun ríran;
mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ mu omi.
Alàgbà Oyèbámijí nìkan ni kò sọ̀rọ̀.
Ó bọ́ bàtà, ó gba ìgbálẹ̀, ó gbá àgbàlá,
ó pọnmi kún àmù wa tó ti gbẹ,
ó ṣe “Àmín” sí àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbà,
ó bá tirẹ̀ lọ.

Lóru, èmi àti Ọlọ́run jà.
Mo ní, Olúwa, akọrin pọ̀ lọ́dọ̀ Rẹ.
Ọ̀kan ṣoṣo ni tèmi,
ohùn rẹ̀ a tilẹ̀ máa há bí orin bá ròkè.
Kí Lo fẹ́ fi ohùn tó ń há ṣe?
Kò dáhùn. Ajá Sábó ló ń gbó.
Mo wá rántí pé Òun náà dúró rí lẹ́nu ibojì ọ̀rẹ́.
Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó mọ̀ pé òkúta á kúrò,
síbẹ̀ omi bọ́ lójú Rẹ̀.
Èyí ni mo dì mú. Kì í ṣe òkúta o.
Ẹkún yẹn ni.
Ẹni tó mọ òpin ọ̀rọ̀, tó sì lè sunkún láàárín rẹ̀,
mo lè bá A gbé inú yàrá kan náà di ojúmọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Wúràọlá ọmọ iṣẹ́ rẹ kanlẹ̀kùn.
Ó ní ẹ̀lú ti kan nínú ìkòkò,
òun fẹ́ parí ohun tí ọ̀gá òun bẹ̀rẹ̀.
Mo sọ aṣọ náà kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.
Ó tẹ̀ ẹ́ sínú aró. Òórùn dìde,
òórùn ọwọ́ rẹ, òórùn ìrọ̀lẹ́ wa fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ó fà á jáde: àwọ̀ ewé!
Mo kígbe, “O ti bà á jẹ́ fún mi!”
Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó nà án sórí okùn.
“Bàbá, ẹ ní sùúrù. Atẹ́gùn kò tíì rí i.”

Ojú irin rélùwéè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣọ́.
Èmi ọkọ aláró, n kò mọ̀
pé kì í ṣe inú ìkòkò laṣọ ti ń di dúdú.
Atẹ́gùn gba orí páànù kọjá,
etí aṣọ kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rántí orúkọ ara rẹ̀.

N kò ní mo gbọ́ ohùn kankan.
N kò ní ọkàn mi kò ro mí mọ́.
Mo kàn ronú kan amọ̀ pupa ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí a tẹ́ ọ sí,
mo sì sọ pé, Baba, fún mi ní sùúrù.
Àdúrà mi àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n dìde kọrin, ẹnu mi kò là.
Àwọn tó wà níwájú, àwọn tó wà lẹ́yìn,
wọ́n kọ tèmi mọ́ tiwọn.
Mo di aago rẹ mú nínú àpò.

Aṣọ náà kò tíì tán.
Wúràọlá ní ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin
tí yóò tún wọ inú òkùnkùn ìkòkò.